Ìwé ètò ìsìnkú dókítà eyín kan ní Ìkòròdú: ta ló lè ka ohun tó kọ sórí káàdì àwọn ọmọ rẹ̀?

Akọ̀wé_Sàbó | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹbí kan níbí ní Ìkòròdú ní kí n bá àwọn to ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn fún ìwé ètò ìsìnkú. Dókítà eyín ni bàbá náà, ọmọ mẹ́ta ló bí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kó fún mi kò kún ojú ewé kan: ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́, ọdún ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà “ọkọ rere, baba àtàtà, olùbẹ̀rù Ọlọ́run.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pààrọ̀ orúkọ, ìwé ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí mo béèrè ohun tó fi hàn pé baba àtàtà ni, wọ́n mú káàdì mẹ́ta jáde látinú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wọn. Wọ́n ti gbà kí n da díẹ̀ kọ síbí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni:

Àkọ́bí, obìnrin, ọdún 6: 16, 26, 36, 46 FS. Review 6/12.
Ìkejì, ọkùnrin, ọdún 8: 21 avulsed, 25 min, milk. Replanted. Splint 2/52. TT.
Àbíkẹ́yìn, obìnrin, ọdún 7: 75 GIC. 85 exo. SM, await 45.

Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ìwé ètò? Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Eléyín_Igbógbó | Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ohun púpọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má ka 16 bíi mẹ́rìndínlógún o. Ọ̀kan, ẹ̀fà ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ apá ẹnu, èkejì ń sọ ipò tí eyín wà. A pín ẹnu sí mẹ́rin: òkè lọ́tùn-ún ni 1, òkè lósì ni 2, ìsàlẹ̀ lósì ni 3, ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún ni 4. Ọ̀tún àti òsì ẹni tó jókòó sórí àga là ń wí, kì í ṣe ti ẹni tó dojú kọ ọ́. Àárín iwájú la ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, 1 dé 8, lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí eyín àgbà fi jẹ́ 32. Eyín ọmọdé jẹ́ 20: 5, 6, 7 àti 8 là ń fi pe apá tiwọn, a sì ń ka ìkọ̀ọ̀kan láti 1 dé 5.

Nítorí náà, eyín kan náà ni 16, 26, 36 àti 46, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: eyín àgbà ńlá tó ń kọ́kọ́ hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Ẹ̀yìn gbogbo eyín ọmọdé ló ń gbà yọ, eyín kankan kì í ká kó tó yọ. Ohun tó ń tan òbí jẹ nìyẹn. Wọ́n á ní eyín ọmọdé ni, bó bá jẹrà á ká, òmíràn á hù. Òmíràn kì í hù.

FS ni dídí àwọn kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ orí eyín náà kí ìdọ̀tí oúnjẹ tó ráyè wọ̀ ọ́. A ó fọ orí eyín, a ó fi òwú ká a mọ́ kí itọ́ má débẹ̀, a ó gbẹ ẹ́, a ó wá fi phosphoric acid 37% kùn ún fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Bí a bá ti fi omi ṣàn án tí a sì fẹ́ ẹ gbẹ, ó gbọ́dọ̀ funfun bí ẹfun. Bí kò bá funfun bẹ́ẹ̀, a tún ásíìdì kùn. Lẹ́yìn náà ni rẹ́síìnì yóò wọ kòtò, a ó tan iná búlúù sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Itọ́ ni ọ̀tá. Bó bá kan ibi tí ásíìdì ti kọjá kí rẹ́síìnì tó bò ó, kò ní í lẹ̀ dáadáa, yóò ṣí láàárín oṣù díẹ̀. Kí èèyàn ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọmọ ọdún 6 tí ahọ́n rẹ̀ kì í sinmi, sùúrù ló gbà.

6/12 ni oṣù mẹ́fà. Lọ́wọ́ wa, /7 jẹ́ ọjọ́, /52 jẹ́ ọ̀sẹ̀, /12 jẹ́ oṣù. Bàbá yìí ń fi oṣù mẹ́fà mẹ́fà yẹ eyín ọmọ rẹ̀ wò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni tó sanwó wọlé.

Ìyá_Ìjọ_Ẹ̀pẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, Dókítà, Ọlọ́run á bù sí ìmọ̀ yín.

Akọ̀wé, ọmọ mi, ìwé ètò tó dáa máa ń jẹ́ kí àlejò tí kò bá olóògbé jókòó rí rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Má ṣe gbé oyè àti ẹgbẹ́ tó wà síwájú. Fi wọ́n sí ìlà méjì lẹ́yìn. Bá mi bi ìyá wọn ní ìbéèrè kan. Nílẹ̀ wa, bí eyín ọmọdé bá ká, òun pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ la ń jù sórí òrùlé, a ó sì ní kí alángbá má rí i, kí tuntun lè hù. Ṣé dókítà jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe é? Ìdáhùn yẹn, bó ti wù kó rí, yóò ju “baba àtàtà” lọ.

Ohun kejì: kò gbọdọ̀ sí orúkọ aláìsàn kankan nínú ìwé yẹn, ì báà jẹ́ kábíyèsí. Ohun tí dókítà rí lẹ́nu èèyàn, òun àti dókítà ló ni ín.

Ọwọ́_Ìjẹdẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ kú àárọ̀, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n mú káàdì ọmọkùnrin, òun ló wúwo jù.

21 ni eyín iwájú gan-an lókè, lápá òsì ọmọ náà. “Avulsed” ni pé ó jáde tòun ti gbòǹgbò, kì í ṣe pé ó kán. Ìṣẹ́jú 25 ló lò níta, inú wàrà ló sì wà. Ẹ fọkàn sí wàrà yẹn. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára gbòǹgbò eyín tó so ó mọ́ egungun. Bó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Eyín tó wà ní gbígbẹ ju wákàtí kan lọ ṣì ṣeé dá padà, ṣùgbọ́n yóò lẹ̀ mọ́ egungun gbagidi, egungun á sì máa jẹ gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bébà àti aṣọ ń fà á gbẹ, omi lásán náà ń pa ẹran yẹn. Wàrà ló dára jù nínú ohun tó máa ń wà nílé. Bí kò bá sí, kí ọmọ tutọ́ sínú kọ́ọ̀bù, kí a fi eyín sínú itọ́ náà.

Bí a ṣe ń dá a padà: a ó di ibi funfun mú, a kò ní fọwọ́ kan gbòǹgbò. A ó fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ṣàn án fẹ́rẹ́, a kò ní ha á, a kò ní fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. A ó fọ ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò nínú ihò, a ó tì í wọlé pẹ̀lẹ́ títí yóò fi bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba, a ó ya X-ray, a ó wá dè é mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdè náà kò gbọdọ̀ gan. Eyín gbọ́dọ̀ lè mì díẹ̀, torí ìdè tó gan jù wà lára ohun tó ń mú kó lẹ̀ mọ́ egungun. Wáyà tí kò nípọn ju 0.4 mm lọ là ń lò, tàbí okùn náílọ́ọ̀nù apẹja, 0.13 sí 0.25 mm, tí a fi rẹ́síìnì lẹ̀ mọ́ ojú eyín. Okùn tí wọ́n ń lò lórí ọ̀sà wa yìí náà ni o. 2/52 ni pé ọ̀sẹ̀ 2 ni ìdè wà níbẹ̀. TT ni abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tetanus), torí ilẹ̀ ni eyín sábà máa ń bọ́ sí.

Ọmọ ọdún 8, ìdí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì pa dé, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè padà wọnú eyín. Nítorí náà a kì í sáré gbẹ́ inú rẹ̀. À ń ṣọ́ ọ ni: ọ̀sẹ̀ 2, oṣù 1, oṣù 3, oṣù 6, lẹ́yìn náà ọdọọdún. Akọ̀wé, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì yẹn bóyá déètì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń kà á, ọ̀rọ̀ eyín àgbà nìyí. Eyín ọmọdé tó bá jáde, a kì í dá a padà, kó má bàa ba eyín àgbà tó wà nínú egungun lókè rẹ̀ jẹ́.

Akọ̀wé_Sàbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Déètì wà níbẹ̀. Mo ka mọ́kànlá. Ó bá ohun tí ẹ sọ mu títí dé oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà ọdọọdún títí ọmọ fi wọ yunifásítì. Eyín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó rántí ni pé ògì, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lòun jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá òun kò sì jẹ gúgúrú nílé títí wọ́n fi tú ìdè náà.

Màmá, mo bi ìyá wọn. Wọ́n ní bàbá ló máa ń ṣa òkúta náà fúnra rẹ̀, á dúró ti ọmọ nínú ọgbà títí á fi jù ú, á wá wọlé lọ kọ déètì. Lóòótọ́, àwòrán eyín ogún wà nísàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan, déètì wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Ará_Bàyékù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ó yẹ kí dókítà máa tọ́jú ọmọ ara rẹ̀? Ọwọ́ òbí lè gbọ̀n.

Eléyín_Igbógbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:02 ọ̀sán

Ó yẹ kí ẹ béèrè. Àwọn olùkọ́ wa máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fa ẹbí wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àyàfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì. Eyín tó bọ́ jẹ́ pàjáwìrì. Bí ọ̀nà Mile 12 bá dì, kí wọ́n tó gbé ọmọ yẹn dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, wákàtí ti lọ. Dídí orí eyín náà kò léwu. Ṣùgbọ́n yíyọ eyín ọmọdé kì í ṣe pàjáwìrì lọ́pọ̀ ìgbà. Akọ̀wé, ẹ bá mi wo káàdì kẹta dáadáa: ẹni tó kọ 75 ló kọ 85 exo, ìyẹn yíyọ?

Akọ̀wé_Sàbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Rárá o! Yíǹkì yàtọ̀, ìkọ̀wé yàtọ̀. Ẹlòmíràn ló kọ ìlà yẹn nìkan, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ̀wé bàbá tún bẹ̀rẹ̀ láti “SM.”

Eléyín_Igbógbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ọ̀sán

Ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ ọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé ètò. Dókítà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ eyín gbogbo ìlú fa ti ọmọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, torí ó mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbọ̀n.

75 ni eyín ọmọdé tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ lósì, 85 ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún. Ó rí ihò lára 75, ó fi GIC, irú símẹ́ǹtì eyín kan, dí i. GIC máa ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fluoride sílẹ̀ sí ara eyín. Ó ṣeé ṣe láìsí iná mànàmáná: a fi irin kékeré ha ibi tó ti rọ̀ kúrò, a nu ún, a po lúbúlúbú rẹ̀ mọ́ omi rẹ̀, a fi í sínú ihò náà, a fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí a bá pò ó tó ṣàn jù, kì í lágbára. Bí ó bá sì ti pàdánù dídán rẹ̀ lórí páálí kí a tó fi í, kò ní í lẹ̀ mọ́.

Ti 85 ti kọjá dídí, ó dájú. Bí ọyún bá ti dé ìdí eyín ọmọdé, a kì í fi sílẹ̀, torí eyín àgbà wà lábẹ́ rẹ̀. Lidocaine 2% pẹ̀lú adrenaline 1:80,000 ni abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ láti fi mú ẹnu kú kó má dùn ún. Ìgò kékeré 1.8 ml ní 36 mg nínú. Ìwọ̀n ọmọ là ń fi ṣírò rẹ̀, 4.4 mg fún kílò kan, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ kílò 22 kò gbọdọ̀ gbà ju ìgò méjì ààbọ̀ lọ. A ó fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn wò ká tó fún un, kó má lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tí eyín bá jáde, ọmọ yóò fi eyín di òwú mú fún ìṣẹ́jú 30, kò ní í fọ ẹnu títí di ọjọ́ kejì. Ètè rẹ̀ yóò kú tipiri fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, ọmọ á sì máa gé e jẹ láìmọ̀, á wú, á di egbò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í.

Ọwọ́_Ìjẹdẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Mo fi ti SM kún un. Ohun tó ń di àyè mú ni. 45 ni eyín àgbà tí yóò bọ́ sí àyè 85, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọmọ ọdún 11 ló ń yọ. Ọmọ yìí jẹ́ ọdún 7. Bí a bá fi àyè náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, 46 tó wà lẹ́yìn yóò tẹ̀ síwájú, yóò gba àyè rẹ̀, 45 á wá yọ ní wíwọ́ tàbí kó há sínú egungun.

A ó wá òrùka irin tó bá 46 mu, a ó fi alginate, ohun rírọ̀ tó ń dì, gba àwòṣe ẹnu, oníṣẹ́ eyín àtọwọ́dá á tẹ wáyà 0.9 mm bí ojú ìdè tí yóò kan 84 níwájú, á jó o mọ́ òrùka. A ó fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé símẹ́ǹtì á ṣàn dànù lábẹ́ òrùka, oúnjẹ á há síbẹ̀, 46 gan-an á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Tàbí wáyà á rì sínú ẹran ìdí eyín. Nítorí náà à ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, a sì ń yọ ọ́ kíá tí orí 45 bá hàn. “Await 45” ni pé ó ń retí rẹ̀. Bàbá yìí fi ọdún mẹ́rin retí eyín kan ṣoṣo.

Ìyá_Ìjọ_Ẹ̀pẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́

Ọlọ́run ọba! Akọ̀wé, o ti rí ìtàn rẹ. Ta ló jókòó ti ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà kó má bàa gé ètè rẹ̀ jẹ? Béèrè.

Atẹ̀wé_Ṣómólú | Ọjọ́rú, 7:35 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín, torí pé à ń ká ìwé ni, a sì ń fi pín-ìn-nì gún àárín rẹ̀: 16, 20 tàbí 24. Bí ìtàn bá lọ sí 21, mẹ́ta á ṣófo. Ẹ fi fọ́tò tàbí orin kún un. Ẹ fi nǹkan bíi 3 mm lé etí ewé kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ. Fọ́tò gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 dpi ní ìwọ̀n tí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá ti fọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Káàdì wọ̀nyẹn, ẹ má fi fóònù ya wọ́n ní tifílááṣì, yóò dán lójú kan, pẹ́ńsùlù á sì pòórá. Ẹ fi ẹ̀rọ skánà yà wọ́n ní àwọ̀ kíkún, kódà bó jẹ́ pé dúdú òun funfun lẹ ó tẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni àmì ohùn. Fọ́ǹtì mìíràn ò ní ẹ́, ọ̀ tàbí ṣ. Orí kọ̀ǹpútà tiyín á dára, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa á di àpótí kéékèèké. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ rí i pé fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ẹ sì wá ka ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ lójú ara yín. A ti rí ibi tí “ọkọ” ti di “ọkọ̀” lórí ìwé ìsìnkú. Kò bójú mu fún òkú rere.

Eléyín_Igbógbó | Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀

Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, ẹ̀mú eyín òkè ni èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá apá rẹ̀ lọ tààrà. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí igun. Ẹ má pa àlàyé wọn dà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán tú dúrọ́ọ̀ ibi iṣẹ́, abẹ́rẹ́ lè wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdajì amalgam, irin aláwọ̀ fàdákà tí a fi ń dí ihò eyín, jẹ́ mákúrì: kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n má dà á sínú gọ́tà, kí wọ́n pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó o. Ẹ̀rọ X-ray náà, abẹ́ àṣẹ NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìtànṣán, ló wà, kì í ṣe ohun tí a ń tà fún alágbàtà irin.

Akọ̀wé_Sàbó | Ọjọ́rú, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ wo ohun tí mo kọ, kí ẹ tọ́ ọ sọ́nà:

“Lọ́jọ́ tí eyín ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bọ́ lójú pápá, ìṣẹ́jú 25 péré ló kọjá kó tó rán an padà sí àyè rẹ̀, lókè lápá ọ̀tún. Ó fi okùn apẹja dè é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì jẹ gúgúrú lójú ọmọ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mọ́kànlá. Eyín náà ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

“Nígbà tí ti àbíkẹ́yìn rẹ̀ kọjá dídí, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yọ ọ́. Òun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó di ọwọ́ ọmọ mú. Ó gbé e lọ sílé, ó sì fi ìka rẹ̀ sáàárín ètè àti eyín ọmọ náà títí ètè fi jí. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣọ́ àyè eyín yẹn. Lọ́jọ́ tí tuntun yọ orí, ó kọ ọ́ sórí káàdì: ‘45 ti dé.’ Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó wà lórí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn.”

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ti ètè. Wọ́n ò rántí irú ìdè tó lò.

Eléyín_Igbógbó | Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Mẹ́ta péré. 21, òsì ni. Fọ́tò tí ọmọ náà dojú kọ yín lẹ fi kà á. Ẹ yọ “rán” kúrò, a kì í rán eyín, “dá a padà” ni. Bí wọn ò bá sì rántí ìdè, ẹ yọ okùn apẹja náà, àlàyé ọ̀nà méjì là ń ṣe, káàdì kò sọ èyí tó lò.

Akọ̀wé_Sàbó | Ọjọ́rú, 7:41 alẹ́

Mo ti tún un ṣe, Dókítà: “lókè lápá òsì,” “dá a padà,” “ó dè é fún ọ̀sẹ̀ méjì.” Ojú ewé 20 ló jẹ́. Káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ojú ewé 10 àti 11, ní àárín gan-an níbi tí pín-ìn-nì wà, tí ìwé yóò ti máa ṣí fúnra rẹ̀.